Ta ló ń pàṣẹ fún agbo dátábéèsì wa: àwa ni, àbí patronictl?

Ìbéèrè òǹkàwé kan láti Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní agbo sáfà mẹ́ta tí PostgreSQL, ètò dátábéèsì wa, ń ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ọ̀kan ni aṣáájú tó ń gba àkọsílẹ̀, méjì ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ètò tó ń jẹ́ Patroni ló ń darí gbogbo wọn, patronictl sì ni irinṣẹ́ tí a fi ń pàṣẹ fún un. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, dátábéèsì kọ̀, kò gba ẹlòmíràn wọlé mọ́ nítorí pé àyè ti kún, ẹnì kejì mi sì fẹ́ fi kún max_connections, iye àwọn tó lè so mọ́ dátábéèsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wọ inú sáfà aṣáájú, ó fi pg_ctl dá PostgreSQL dúró, kò pẹ́ tí PostgreSQL fi tún jí. Ó tún dá a dúró, ó tún jí. Ó tún postgresql.conf, fáìlì ètò PostgreSQL, ṣe, àtúnṣe náà pòórá. Nígbà tí ó wá pa Patroni fúnra rẹ̀, sáfà mìíràn gba ipò aṣáájú, ọ̀rọ̀ sì dàrú mọ́ wa lójú. Ó ní kí a yọ Patroni kúrò, kí a pa patronictl tì, kí a máa wọ sáfà kọ̀ọ̀kan ṣe iṣẹ́ wa bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti fẹ́ gbà fún un. Kí ni ẹ rí sí i?

* * *

Èsì kìíní

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín kì í ṣe oríkunkun. Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé Patroni lọ́wọ́ gan-an ló ń ṣe. Ẹ ti sọ fún un pé PostgreSQL kò gbọdọ̀ kú. Ẹnì kan wá gba ẹ̀yìn lọ pa PostgreSQL láìsọ fún un. Ó sì jí i dìde. Bí ọlọ́dẹ yín bá rí ẹni tó ń fo fẹ́ńsì lóru, tó sì fọn fèrè, ẹ kò ní lé ọlọ́dẹ náà lọ nítorí pé ọmọ ilé ni ẹni tó fo fẹ́ńsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí lábẹ́ ilẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ti ṣẹ̀ wá. Ọba kì í jẹ méjì láàfin, dátábéèsì bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ní aṣáájú méjì tó ń gba àkọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, Patroni máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo sínú etcd, tí í ṣe ibi ìpamọ́ kékeré tí àwọn sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń bójú tó. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni aṣáájú. Bí ẹ kò bá yí ètò padà, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni kọ́kọ́rọ́ náà fi ń wà láàyè, aṣáájú sì máa ń sọ ọ́ dọ̀tun ní ìṣẹ́jú àáyá 10-10. Bí PostgreSQL bá ṣubú lórí sáfà aṣáájú ṣùgbọ́n tí Patroni ibẹ̀ ṣì wà láàyè, yóò kọ́kọ́ gbìyànjú láti jí i, ó sì lè fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 300 kí ó tó jọ̀wọ́ ipò fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ó fi ń jí ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kejì yín bá pa á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá Patroni fúnra rẹ̀ dúró wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ó tó lọ, ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀lé tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé yóò sì mú un lójú ẹsẹ̀.

Ní ti fáìlì tó pòórá, ẹ lọ ṣí postgresql.conf orí sáfà yẹn kí ẹ ka ìlà méjì àkọ́kọ́. Patroni ti kọ ọ́ síbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ tún fáìlì náà ṣe, pé òun yóò kọ ọ̀rọ̀ tòun lé e lórí. Fáìlì tí ẹ ní kí ó tó dé ni ó ti sọ di postgresql.base.conf.

Nítorí náà, èmi kò fara mọ́ ọn pé kí ẹ yọ ọ́. Àṣà wíwọ inú sáfà láti máa pàṣẹ níbẹ̀ ni kí ẹ pa tì.

* * *

Èsì kejì: ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ

Láti ìgbà tí mo ti dáhùn, ọ̀rọ̀ ti pọ̀, mo sì rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn pín sí. Àwọn kan gbà pé patronictl kàn jẹ́ ọ̀nà àbùjá fún ọ̀lẹ, pé ẹni tó bá mọ PostgreSQL dunjú kò nílò rẹ̀. Àwọn kan ní kí a lò ó fún wíwo ipò agbo nìkan, kí a máa fi ọwọ́ ṣe ìyókù. Àwọn ìyókù ní ohunkóhun tó bá kan agbo, ojú ọ̀nà patronictl ni kí ó gbà.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìkẹyìn yìí ni mo wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìrọ̀rùn. Mímọ PostgreSQL dunjú kò sọ fún yín ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yìí. Mo ti rí ẹni tó mọ PostgreSQL ju èmi lọ, tó fi pg_promote sọ atẹ̀lé di aṣáájú nígbà tí aṣáájú gidi ṣì ń gba owó àwọn oníbàárà. Kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa PostgreSQL. Ohun tí kò mọ̀ ni pé sáfà tí òun rò pé ó ti kú ṣì wà láàyè.

Àṣẹ tó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo àṣẹ ni èyí:

`patronictl -c /etc/patroni/patroni.yml list`

Ẹ fara balẹ̀ ka tábìlì tó bá mú wá. Òpó Role yóò sọ fún yín ta ni Leader, ta ni Replica. Òpó State yóò sọ bóyá atẹ̀lé ń gba àkọsílẹ̀ bọ̀. Bí ó bá kọ streaming, ara rẹ̀ yá. Òpó TL ni nọ́ńbà ìlà ìtàn, ó sì máa ń fi ọ̀kan gòkè nígbà gbogbo tí aṣáájú tuntun bá jẹ. Bí nọ́ńbà atẹ̀lé kan bá kéré sí ti aṣáájú, tí ó sì ń pẹ́ níbẹ̀, atẹ̀lé yẹn ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Òpó Lag yóò sọ iye MB tó fi wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń pàṣẹ láìtíì ka òpó mẹ́rin yìí, ojú dídì ló fi ń rìn.

* * *

Èsì kẹta: ṣé ẹ̀rọ méjì kò tó?

Ẹnì kan bi mí pé, nígbà tí owó kò sí, kí ló dé tí ẹ̀rọ méjì kò lè tó. Ní ti PostgreSQL, ó tó. Ní ti etcd, kò tó rárá. Ìdìbò ni etcd fi ń ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ rí èyí tó ju ìdajì lọ kí ó tó sọ̀rọ̀. Nínú mẹ́ta, méjì ni ọ̀pọ̀, nítorí náà ọ̀kan lè kú láìsí wàhálà. Nínú méjì, méjèèjì ni ọ̀pọ̀, bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ẹ wá rí i pé méjì burú ju ẹyọ kan lọ, nítorí pé ẹ ti sọ ohun tó lè bà yín jẹ́ di méjì. Bí owó bá wọ́n, ẹ ra kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ní ṣe ju etcd lọ, kí ó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an, nítorí pé ìlú wa ló ti ṣẹlẹ̀, mo sì gbà pé yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ilé iṣẹ́ kan ní Òkèfìà ni mo bá to agbo sílẹ̀, sáfà mẹ́ta nínú yàrá kan, gbogbo wọn lórí inverter. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà òjò, iná ọba lọ. Sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ìdúró, iná wọn ń ṣẹ́ wìrìwìrì, síbẹ̀ akọ̀wé owó kò lè tẹ ohunkóhun wọlé. Àwọn ènìyàn tó wá san owó láti Ọjà Ìgbọ̀nà tò sẹ́nu ọ̀nà. Mo tẹ patronictl list, kò dáhùn, ó ní òun kò rí etcd. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bú Patroni. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó gbé ojú sókè sára ògiri, kí n tó rí i pé switch tó so àwọn sáfà pọ̀ ṣókùnkùn. Wáyà jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n so ó mọ́, wọn kò so ó mọ́ inverter, ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀ sì ti lọ ra epo. Àwọn sáfà wà láàyè, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò rí èkejì. Aṣáájú kò lè sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dọ̀tun, ó sì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà di ọba kejì níbòmíràn. Kò sí ẹni tó lè jẹ nínú àwọn méjì yòókù, nítorí pé àwọn náà kò ríra.

Bí a ti so switch mọ́ inverter, tí iná rẹ̀ tàn, agbo tún ara rẹ̀ tò láìjẹ́ pé mo tẹ àṣẹ kankan. Àkọsílẹ̀ ẹyọ kan kò sọnù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ibi iṣẹ́ tuntun, switch ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè sáfà.

Ẹ̀yà Patroni láti orí 3.0 ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní failsafe_mode, èyí tó jẹ́ kí aṣáájú máa bá iṣẹ́ lọ bí etcd bá dákẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń gbọ́ ohùn gbogbo àwọn atẹ̀lé rẹ̀. Ó dára, ẹ tan án. Ṣùgbọ́n kò ní ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí switch bá kú, torí pé kò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Ẹlòmíràn ní kí a gbé sáfà kan lọ sí Ògo-Olúwa kí ọkàn wa balẹ̀. Èyí lè gba àkọsílẹ̀ yín là bí yàrá Òkèfìà bá jóná, ṣùgbọ́n kò ní mú kí iṣẹ́ máa lọ fúnra rẹ̀, nítorí pé méjì nínú mẹ́ta ti bá yàrá náà lọ. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbà.

* * *

Èsì kẹrin: lórí pause

Ẹni kan tó ń bójú tó dátábéèsì ilé ìwòsàn kọ̀wé pé òun kì í fọwọ́ kan nǹkan kan láìkọ́kọ́ tẹ `patronictl pause`, ó sì ní kí a sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ènìyàn. Mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí wọn, ṣùgbọ́n èmi kò gbà.

Òótọ́ ni pé pause máa ń mú kí Patroni káwọ́ gbera. Bí ẹ bá dá PostgreSQL dúró nígbà náà, kò ní jí i. Bí aṣáájú bá kú, kò ní yan ẹlòmíràn. Ó wúlò nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe àtúnṣe sí etcd, tàbí tí ẹ bá fẹ́ gbé PostgreSQL lọ sí ẹ̀yà ńlá tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó jẹ́: ẹ ti ní kí ọlọ́dẹ lọ sùn. Wàhálà rẹ̀ kì í hàn lọ́jọ́ tí ẹ pa á láṣẹ. Ó máa ń hàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí aṣáájú bá kú ní òru, tí ẹ jí ní àárọ̀ tí ẹ kò rí ẹni tó gba ipò, nítorí pé ẹ gbàgbé láti tẹ `patronictl resume`. Ìlà kan ṣoṣo ló máa ń kìlọ̀ fún yín, ní ìsàlẹ̀ tábìlì list: Maintenance mode: on. Ojú tó ti rẹ̀ máa ń fò ó.

Fún iṣẹ́ kékeré bíi fífi kún max_connections, ẹ kò nílò pause.

* * *

Èsì karùn-ún: bí ó ṣe yẹ kí Ọjọ́bọ̀ yẹn lọ

Ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí padà wá, ó ní kí n fi àlàyé sílẹ̀ kí n sọ ohun tí àwọn yóò tẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe orúkọ agbo yín ní ajeseku.

Ẹ tẹ `patronictl edit-config ajeseku`. Yóò ṣí ètò gbogbo agbo fún yín. Lábẹ́ parameters, ẹ yí max_connections padà, ẹ fi pamọ́, ẹ jáde. Kí ó tó gbà á, yóò fi ìlà àtijọ́ àti ìlà tuntun hàn yín, ọ̀kan pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, ọ̀kan pẹ̀lú àmì ìfikún, yóò sì bi yín bóyá ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìlà méjèèjì kí ẹ tó tẹ y. Max_connections wà lára àwọn ètò díẹ̀ tí Patroni kì í gbà láti inú fáìlì sáfà kankan, àfi láti inú ètò gbogboogbò yìí, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ bára mu lórí gbogbo wọn.

Ẹ tún tẹ list. Ẹ óò rí òpó tuntun, Pending restart, tó ń sọ pé ètò ti dé ṣùgbọ́n PostgreSQL kò tíì gbà á, àfi bí ẹ bá tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fi kún un, àwọn atẹ̀lé ni kí ó ṣáájú:

`patronictl restart ajeseku --role replica --pending`

Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ti padà sí streaming, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún aṣáájú, ní àsìkò tí ọ́fíìsì ti tì. Ìdí tí mo fi ní kí àwọn atẹ̀lé ṣáájú ni pé PostgreSQL kò fẹ́ kí iye ti atẹ̀lé kéré sí ti aṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá ń dín in kù ni aṣáájú máa ń ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ yà sí díẹ̀. Iye tí PostgreSQL bá yín wá ni 100, ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá sì so mọ́ ọn ń gba iṣẹ́ ọ̀tọ̀ àti àyè ọ̀tọ̀ nínú sáfà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí akọ̀wé owó rẹ̀ kò pé mẹ́wàá kò yẹ kí ó kún 100. Ó ṣeé ṣe kí ètò orí wẹ́ẹ̀bù yín máa ṣí ìlẹ̀kùn láìtì í. Ẹ wo pg_stat_activity, tábìlì tó ń fi àwọn tó so mọ́ PostgreSQL hàn, kí ẹ rí iye tó jókòó lásán, kí ẹ sì ronú PgBouncer, ètò tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ pín ìsopọ̀ díẹ̀ lò, kí ẹ tó sọ 100 di 500.

* * *

Èsì kẹfà: switchover, failover, reinit

Wọ́n ní kí n ya switchover àti failover sọ́tọ̀. Nígbà tí ara agbo bá yá, tí ẹ kàn fẹ́ kí aṣáájú sinmi kí ẹ lè ṣe àtúnṣe sí ẹ̀rọ rẹ̀, switchover ni. Yóò bi yín ta ni aṣáájú, ta ni yóò gba ipò, nígbà wo. Yóò tún fi tábìlì hàn yín kí ó tó bi yín bóyá ó dá yín lójú. Failover wà fún ìgbà tí aṣáájú ti kú tí Patroni kò sì rí ẹni tó yẹ láti yàn. Bí ẹ bá rí i pé Patroni kọ̀ láti yan ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè ìdí kí ẹ tó fi ipá yàn. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo atẹ̀lé ti wà lẹ́yìn kọjá 1048576 báìtì, tí í ṣe ààlà maximum_lag_on_failover. Bí ẹ bá fi ipá yan ọ̀kan nínú wọn, owó tí àwọn ènìyàn san láàárín àlàfo yẹn kò ní sí nínú ìwé mọ́. Ìgbìmọ̀ ló yẹ kí ó dá irú ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní aago méjì òru. Bí ẹgbẹ́ yín kò bá lè fara da pípàdánù owó kankan, ẹ tan synchronous_mode, èyí tó ń mú kí aṣáájú dúró de atẹ̀lé kí ó tó sọ pé àkọsílẹ̀ ti wọlé, kí ẹ sì gbà pé títẹ owó wọlé yóò lọ́ra díẹ̀.

Reinit kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń nu gbogbo ohun tó wà lórí atẹ̀lé, á sì ṣe ẹ̀dà tuntun. Ẹ ka orúkọ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì.

* * *

Èsì keje: àwọn tó ń bẹ̀rù remove

Ẹnì kan sọ pé òun kò lè fi patronictl sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ òun, pé àṣẹ remove lè pa gbogbo agbo rẹ́. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù. Ohun tí remove ń nù ni ìwífún agbo nínú etcd, kò kan àkọsílẹ̀ inú PostgreSQL. Kí ó sì tó ṣe é, yóò ní kí ẹ kọ orúkọ agbo, yóò tún ní kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ Yes I am aware, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ fi èyí wé `rm -rf`, àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́, tí ọ̀dọ́ kan náà lè tẹ̀ bí ẹ bá fún un ní ọ̀nà láti wọ inú sáfà tààrà. Kì í béèrè ohunkóhun.

Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni pé kí ẹ máa pe atẹ̀lé ní ẹ̀dà àfipamọ́. Bí ẹnì kan bá pa tábìlì owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ́ lórí aṣáájú, àwọn méjèèjì yòókù yóò pa á rẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, patronictl kò sì ní àṣẹ kankan tó lè dá a padà. Ẹ ní pgBackRest, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà àfipamọ́, tàbí irú rẹ̀, kí ẹ sì ti fi dá àkọsílẹ̀ padà rí sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ rí i pé ó jí.

* * *

Èsì kẹjọ, sí ẹni tó béèrè

Ẹ ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ má fi àríyànjiyàn lọ bá wọn. Ẹ tẹ `patronictl history ajeseku`, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Ìlà ìkẹyìn yóò sọ ọjọ́ àti àkókò tí aṣáájú yí padà ní Ọjọ́bọ̀, àti ẹni tó gba ipò. Ẹ mú ìwé rìsíìtì ọjọ́ náà dání, ẹ ka àwọn èyí tí akọ̀wé owó já ní kété kí àkókò yẹn tó dé àti àwọn èyí tó já lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú dátábéèsì níwájú gbogbo ìgbìmọ̀. Bí rìsíìtì kan bá sọnù, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, a óò jọ wá ìdí rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá pé, ẹ bi ẹnì kejì yín, níwájú wọn, bí òun ì bá ti ṣe gbé ipò aṣáájú láti sáfà kan sí òmíràn ní ọ̀sán ọjà láìpàdánù rìsíìtì kan, bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ lásán ni ó fi ṣe é.